Ìbọn tó ti lé ní ogójì ọdún: kí la fi ń mọ̀ pé ó ṣì ṣeé yìn?

Ọmọ Ọdẹ Òmù-Àrán
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìbọn kátíríìjì ẹlẹ́nu kan, gééjì 12, ló wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀. Ó ti lé ní 40 ọdún. Inú àpò awọ ló wà lókè àjà látìgbà òjò. Ọ̀pá rẹ̀ ti dógùn-ún díẹ̀, tí wọ́n bá sì mì ín, ó ń dún kóró-kóró. Àwọn kan ní kí wọ́n kó o fún ọlọ́pàá kí ọ̀rọ̀ parí, pé ìbọn òde òní ló ń pẹ́, pàápàá ìbọn ìléwọ́. Àwọn mìíràn ní irú irin àtijọ́ yẹn ò sí mọ́. Kí ló ń pa ìbọn gan-an? Ọjọ́ orí ni àbí iye ìgbà tí wọ́n yìn ín?

Alágbẹ̀dẹ Ọ̀fà
Ọjọ́ orí kọ́. Àpò awọ yẹn ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Awọ ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń fi í lẹ irin lára. Ìbọn tó wà nínú rẹ̀ nígbà òjò kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi aṣọ tútù wé.

Ẹ ṣí i kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ wo inú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún ki ọmọ-ìka bọ̀ ọ́, ojú nìkan ò tó. Kí kátíríìjì kankan má ṣe sí nínú yàrá yẹn.

Ẹ wá tú igi abẹ́ ọ̀pá kúrò, torí igi yẹn máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹ pa ìbọn dé, ẹ di ìdí rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ rọra mì í. Tí ọ̀pá bá ń mì lọ́tọ̀, irin tí ìbọn fi ń ṣẹ́ sí méjì ti jẹ. Ẹ ki bébà sìgá kan sáàárín ìdí ọ̀pá àti ojú irin tó dojú kọ ọ́, kẹ́ ẹ pa á dé. Ó yẹ kó di bébà yẹn mú. Bí ó bá ń yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má ṣe yìn ín.

Ní ti ìpáàrà, ẹ ta òróró sínú ọ̀pá, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin bàbà fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú ọ̀pá kọ ojú ọ̀run, ẹ wò ó láti ìdí. Èyí tó bá nù kúrò kì í ṣe àìsàn. Àmì dúdú wíntìwíntì bí àpá ṣọ̀pọ̀ná ló léwu, ìyẹn ni pé ìpáàrà ti jẹ irin wọlé. Ẹ tún wo ìlà ìmọ́lẹ̀ tó gùn lára ọ̀pá nínú. Bí ìlà yẹn bá ṣẹ́ di òrùka níbì kan, irin ti wú níbẹ̀, ọ̀pá sì ti parí.

Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kàn án o! Iná á mú irin rọ̀, ojú ò sì ní rí i.

Onísípíríìnì Ìlọrin
Ẹ̀gbọ́n ti sọ tán lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ pé ìbọn ìléwọ́ ló ń pẹ́, ó ní “bí” nínú. Òótọ́ ni pé ìdánwò M1911, ìbọn ìléwọ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà, gba 6,000 ọta, wọ́n sì lò ó títí di 1985 kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Glock 17, ìbọn ìléwọ́ tí ara rẹ̀ jẹ́ ike, ni ológun Austria gbà ní 1982, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pààrọ̀ sípíríìnì wọn ni. Sípíríìnì tó ń dá irin òkè (èyí tó ń sáré lọ sẹ́yìn bí wọ́n bá yìn ín) padà kì í sábàá kọjá 3,000 sí 5,000 ọta, tó bá sì ti rọ̀, irin òkè á máa fọ́ ara rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, títí tí ibẹ̀ á fi sán.

Ohun tí wọ́n ń pè ní “ìbọn ti há,” àpò ọta (ibi tí ọta ń tò sí nínú ìbọn ìléwọ́) ló sábàá fà á: ètè rẹ̀ á ṣí díẹ̀, ọta á gòkè ní ẹ̀gbẹ́. Wọ́n á sì máa bú ìbọn.

Gbogbo èyí ò kan ọdẹ, torí òfin ìbọn 1959 fi ìbọn ìléwọ́ sí ìpín tí wọ́n kà léèwọ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu kan ò ní àpò ọta, kò sì ní irin òkè tó ń sáré. Sípíríìnì rẹ̀ ò ju méjì-mẹ́ta lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń pẹ́.

Baba Ṣakabùlà
Kí àwọn tó ń lo ṣakabùlà má ṣe tẹ̀lé ti òróró yẹn. Iyọ̀ wà nínú èérí ẹ̀tù, òróró ò sì lè yọ iyọ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni, lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ máa dà á títí tí omi á fi mọ́. Ọ̀pá tó gbóná á gbẹ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ pa á, fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Òrí dára, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ ó máa ń dì nínú òòlù ìbọn, òòlù á sì máa lọ́ra.

Ẹ̀tù tí wọ́n tú nínú kátíríìjì kò gbọdọ̀ wọ inú ṣakabùlà láé. Ó le ju ọ̀pá yẹn lọ, yóò fọ́ mọ́ èèyàn lójú.

Ọmọ Ọdẹ Òmù-Àrán
Ẹ ṣé gan-an. Bébà náà yọ́ díẹ̀, kò yọ́ púpọ̀. Wọ́n kọ 12-65 sábẹ́ ọ̀pá, àmọ́ páálí kátíríìjì tó wà nílẹ̀ kọ 70. Ó wọlé geere, ṣé kò burú?

Alágbẹ̀dẹ Ọ̀fà
Ó burú. 65 ni gígùn àyè kátíríìjì nínú ọ̀pá ní mílímítà, 70 sì ni gígùn kátíríìjì yẹn tó bá ti nà. Ó wọlé torí pé ẹnu rẹ̀ ṣì ká. Bí ó bá yìn, ẹnu yẹn á nà jáde gba mílímítà márùn-ún tí kò sí àyè fún, ipá inú ọ̀pá á sì ga sí i. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 65 sí. Bébà tó yọ́ díẹ̀ pàápàá, ẹ kọ́kọ́ gbé ìbọn náà lọ bá ẹni tó ní ìwé àṣẹ àtúnṣe ìbọn kó fi irin ìwọ̀n wò ó, kẹ́ ẹ tó ra ọta kankan.