Àlọ lé ní wákàtí mọ́kànlá, àbọ̀ kò pé márùn-ún: ṣé ọ̀nà kan náà kọ́ ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí. Dubai ni mo ti máa ń rajà, àmọ́ lóṣù tó ń bọ̀ mo fẹ́ gba ibẹ̀ lọ ra aṣọ ọmọdé ní Guangzhou, ní China. Éjẹ́ǹtì fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ lánàá, mo tẹjú mọ́ ọn títí, kò yé mi. Àlọ: a ó gbéra ní Dubai ní 10:40 àárọ̀, a ó balẹ̀ ní 22:00. Àbọ̀: 00:15 sí 04:55. Àbí bàálù àlọ fẹ́ yà síbì kan tí éjẹ́ǹtì ò sọ fún mi ni? Ẹsẹ̀ mi máa ń wú tí mo bá jókòó pẹ́, ìyẹn ni mo ṣe ń béèrè.

Bàbá Ṣèyí:
Ẹ fọkàn balẹ̀, éjẹ́ǹtì ò rẹ́ yín jẹ. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago Guangzhou sì fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú ti Dubai. Ẹ yọ mẹ́rin kúrò nínú àlọ, ó ku wákàtí méje àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi mẹ́rin kún àbọ̀, ó di mẹ́jọ àti ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi 5,800 kìlómítà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ àbọ̀ ṣì fi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ju àlọ lọ. Ṣé ẹrù wa ló wúwo jù ni? 😂

Túndé:
Ẹ̀rín pa mí o, mà. Afẹ́fẹ́ ni. Lókè lọ́hùn-ún, níbi nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ ń tukọ̀ bá odò lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ ń dojú kọ odò. Ìgbà òtútù wọn ló máa ń le jù. Ẹ wo máàpù tó wà níwájú ìjókòó yín: eré bàálù lè lé ní 1,000 kìlómítà ní wákàtí kan lálọ, kó má sì pé 800 lábọ̀.

Sìsí Aláṣọ:
00:15 yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fojú sí o! Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, Ọjọ́bọ̀ 00:15 ni wọ́n kọ sí tèmi. Mo sùn fọnfọn ní alẹ́ Ọjọ́rú. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo wọ́ báàgì mẹ́ta dé Baiyun, pápákọ̀ òfurufú Guangzhou. Ọmọbìnrin orí káńtà wo ìwé mi, ó wojú mi, ó fi ìka tẹ déètì. Bàálù mi ti lọ láti òru. Orí báàgì ni mo sùn mọ́jú, mo tún ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Ìyá Ìbejì:
Yéè! Ọjọ́ Àìkú 00:15 ni tèmi. Mo ti sọ fún oníbàárà mi pé a ó jọ rajà ní gbogbo Sátidé títí dalẹ́ o.

Sìsí Aláṣọ:
Ẹ parí rẹ̀ ní ọ̀sán. Ó pẹ́ jù, aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé ni kẹ́ ẹ ti wà lójú ọ̀nà.

Bàbá Ṣèyí:
Kẹ́ ẹ sì máa dìde rìn díẹ̀ nínú bàálù nítorí ẹsẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá balẹ̀ ní 22:00, aago mẹ́ta ọ̀sán ni l'Ékòó.

Ìyá Ìbejì:
Àwọn ìbejì á ti dé láti ilé ìwé nìyẹn. Mo ń pe oníbàárà yẹn báyìí.