Ẹ gbà mí o, lọ́yà wọn ní kí n kó WhatsApp mi wá

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ gbà mí o. Àwọn tó ni orúkọ tí mo fi ń ṣòwò ti pè mí lẹ́jọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ń béèrè ìwé àdéhùn, ímeèlì, àkọsílẹ̀ ọjà, títí dé WhatsApp. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fún mi. Ṣé gbogbo ẹ̀ ni mo máa kó?

Bọ̀dá Wálé, Baltimore: Ẹ fara balẹ̀. Ẹ kọ èsì kí ọjọ́ 30 tó pé: èyí wà, èyí ò sí, èyí ti pọ̀ jù fún ẹjọ́ yìí. Nígbà tèmi, ìwé méjì ló wà nínú àpòòwé. Ọ̀kan ń béèrè ìwé, èkejì ní kí n jẹ́wọ́ tàbí kí n sẹ́. Mo pa méjèèjì tì. Lójú Rule 36, ìyẹn òfin kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó bá dákẹ́ ti jẹ́wọ́. Bí gbèsè tí n ò jẹ ṣe wọ̀ mí lọ́rùn nìyẹn.

Àǹtí Ṣadé, Chicago: Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o! WhatsApp tó ń pa ara ẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 7 yẹn, ẹ yí i kúrò lónìí.

Kúnlé, Atlanta: Èyí tí mo ti pa rẹ́ kí wọ́n tó pè mí ńkọ́? Fóònù mi kọ́ ni?

Àǹtí Ṣadé: Ọjọ́ tó o ti rí i pé ọ̀rọ̀ lè dé kóòtù lo ti gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ẹ̀. Lẹ́tà ìkìlọ̀ wọn ti tó.

Kúnlé: Ẹ̀gbọ́n, omi ló já sí.

Bọ̀dá Wálé: Ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá rí i pé ńṣe lo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó sọnù kó má bàa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, Rule 37(e) jẹ́ kó lè ní kí àwọn jùrí gbà pé ohun tó sọnù ì bá dá ọ lẹ́bi.

Kúnlé: Gbogbo Baltimore ti di lọ́yà!

Bọ̀dá Wálé: Ó sàn ju Atlanta lọ, níbi tí fóònù ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé.

Ìyá Ìbejì: Inú kọ̀ǹpútà tiwọn ni àkọsílẹ̀ ọjà wà o. Kí ni mo fẹ́ kó?

Àǹtí Ṣadé: Bí ẹ bá lè wọlé fà á jáde, wọ́n á ní ó wà níkàáwọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti lọ́yà yín, ẹ má kó ìyẹn fún wọn.

Bàbá Ọlá, Houston: Nílé, àgbà mẹ́ta ì bá ti parí ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ilé ń wù mí.

Kúnlé: Àgbà wo, sà? Ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá mi ti wà ní kóòtù Ìbàdàn kí wọ́n tó bí mi.

Ìyá Ìbejì: Ta ló mọ lọ́yà tó gbọ́ Yorùbá ní Houston?

Bọ̀dá Wálé: Ẹ kó wá sí Baltimore 😂