Ilé oúnjẹ Thai tí a ti ń jẹun láti ọdún mẹ́rin lé ọmọ mi kúrò nídìí tábìlì. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ayọ̀, Utako:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti Sátidé, ọkọ mi sì ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ilé oúnjẹ Thai kan wà ní Wuse 2 tí a máa ń lọ ní gbogbo Sátidé ìparí oṣù. Ó ti pé ọdún mẹ́rin. Ibẹ̀ la ti ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ mi nígbà tó pé ọdún márùn-ún. Màmá ará Táílàndì tó ń dáná níbẹ̀ máa ń jáde wá, wọ́n á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, wọ́n á tẹrí ba kí ọmọ mi bí ẹni kí ọba. Tom yum, ọbẹ̀ ata olómi wọn ńkọ́? Kí abọ́ tó dé tábìlì lẹ ó ti máa gbóòórùn koríko ọba. Ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn bá ń dà mí láàmú, òun ni oògùn mi.

Màmá ti padà sílé wọn. Owó oúnjẹ gòkè, mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé tábìlì wa tó wà lẹ́bàá fèrèsé fún àwọn tó ń ṣe ìpàdé, mi ò sọ̀rọ̀. Àmọ́ ní Sátidé, mo ní kí wọ́n gbé pad thai, núdù díndín wọn, wá fún ọmọ, ni máníjà bá dúró lójú gbogbo èèyàn, ó ní àwọn ò lè sè é fún un. Èmi oníbàárà ọdún mẹ́rin! Inú ọkọ̀ ni ọmọ ti ń sunkún dé ilé. Ṣé kí n kọ ọ́ sórí Google ni, àbí kí n lọ bá ọ̀gá wọn?

Ọmọ Ìlọrin:
Ẹ kọ ọ́ mà! Bí wọ́n ṣe ṣe mí nìyẹn ní Garki. Wọ́n ní àmàlà ti tán, ojú mi ni wọ́n ṣe gbé e fún ẹni tó dé lẹ́yìn mi. Títí dòní mi ò gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Bàbá Ìbejì, Kubwa:
Kí lẹ tilẹ̀ ń wá lọ? Àjàgbọn tí wọ́n fi ń sè é, tsamiya táwọn Hausa fi ń ṣe kunu náà ni, ó kún Wuse Market. Koríko ọba wà lẹ́yìn ilé mi. Ẹ sè é nílé.

Alásè Lugbe:
Bàbá Ìbejì, omi ẹja ńkọ́? Ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí tó fi di omi. Bí irú ṣe rí sí ẹ̀fọ́ ló rí sí oúnjẹ wọn. Ẹ ò lè rí i fà tu lẹ́yìn ilé.

Nọ́ọ̀sì Gwarinpa:
Ìyá Ayọ̀, ẹ ò tíì sọ ìdí tí máníjà fi kọ̀.

Ìyá Ayọ̀, Utako:
Ó ní torí ẹ̀pà. Màmá kì í fi ẹ̀pà sí ti Ayọ̀, torí ara máa ń yún un díẹ̀. Mo sì sọ fún wọn ní Sátidé pé kí wọ́n yọ ọ́. Kí ló wá kù?

Bàbá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ̀pà tí gbogbo wa jẹ dàgbà? Ẹ máa fún un ní díẹ̀díẹ̀, á mọ́ ọn lára.

Nọ́ọ̀sì Gwarinpa:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún abiyamọ. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dán wò nílé. Ìyá Ayọ̀, ṣé ara yíyún nìkan ni?

Ìyá Ayọ̀, Utako:
Ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Lóṣù tó kọjá, mo gbàgbé láti sọ fún alásè tuntun. Mo rí ẹ̀pà lórí oúnjẹ, mo fi ṣíbí ha á kúrò, mo ní kó máa jẹ ẹ́. Kò tíì jẹ ju ẹnu mẹ́ta lọ tí ètè rẹ̀ fi wú. Ó bì, àyà rẹ̀ ń súfèé. Máníjà yẹn náà ló gbé e sáyà sáré, òun ló wakọ̀ gbé wa dé ọsibítù. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ nítan, ibẹ̀ la sùn mọ́jú. Àmọ́ ara rẹ̀ ti yá.

Ọmọ Ìlọrin:
Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ má kọ nǹkan kan sórí Google o.

Alásè Lugbe:
Ẹ sì tún ní kí wọ́n gbé e wá? Mà, ẹ ṣe é kù.

Nọ́ọ̀sì Gwarinpa:
Ẹ jẹ́ ká fi ìbínú sílẹ̀. Ẹ̀pà tí ẹ ha kúrò, òróró rẹ̀ ti wà nínú oúnjẹ. Agbada kan náà ni wọ́n fi ń dín ti gbogbo èèyàn, nítorí náà “ẹ yọ ọ́” kò tó. Ìgbà kejì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ gbé e padà lọ bá dókítà, kí wọ́n sọ oògùn tí ẹ ó máa mú rìn. Ẹ kìlọ̀ níléèwé rẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra níbí o: yájì orí súyà, kúlíkúlí ni wọ́n ń lọ̀ sí i. Miyan taushe, ọbẹ̀ àwọn Hausa náà, wọ́n ń fi ẹ̀pà sè é.

Ìyá Ayọ̀, Utako:
Yájì kẹ̀? Ó jẹ súyà ní ọjọ́rú. Ó ní ahọ́n ń yún òun, mo ní ata ni, mo fún un lómi.

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. A ó wà ní ọsibítù láàárọ̀ ọ̀la. Nọ́ńbà máníjà wà lórí fóònù mi láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pè lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè ọmọ. Mi ò gbé e. Màá pè é báyìí.