Àgbébọ̀ dúdú mi kò jẹ́ kí àwọn tuntun jẹun

Ìyá Ẹléyin, Apẹ̀tẹ̀
Ẹ kú àárọ̀ o. Adìẹ méje ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé, gbogbo wọn ló ti ń yé. Ní Sátidé tó kọjá, mo ra obídìẹ méjì tí kò tíì yé kún wọn lọ́jà Bódìjà. Mo so aṣọ pupa mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ kí n lè dá wọn mọ̀, mo sì tú wọn sáàárín àwọn tó kù. Láti ọjọ́ náà ni àgbébọ̀ dúdú mi kò ti jẹ́ kí wọ́n rímú mí. Bí mo bá bu oúnjẹ sílẹ̀, yóò dúró ti abọ́; èyí tó bá sún mọ́ ọn, àgógó ni. Lánàá ó sọ ọ̀kan ní ogbe títí ẹ̀jẹ̀ fi ń kán, àwọn yòókù sì dà bò ó. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi ni mo ti fà á yọ, ó ń gbọ̀n. Mo fi epo pupa pa á lórí. Ilé wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti 6 ní òró lọ, abọ́ kan ni wọ́n sì ń jẹ. Ọkọ mi ní ká pa dúdú jẹ. Òun ló ń yé jù, èmi ni mo sì tọ́ ọ láti òròmọdìẹ. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ọ̀sìn
Ẹ kú ìtọ́jú wọn mà. Dúdú kì í ṣe ìkà. Adìẹ mọ àgbà láàárín ara wọn, bí àlejò bá sì dé, wọn yóò tún ipò tò, àgógó ni wọ́n fi ń tò ó. Àyè tó há ló jẹ́ kó le tó báyìí. 4 lọ́nà 6 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24 níbùú lóòró fún adìẹ 9, kò pé 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán 4 ló yẹ. Ẹ fi abọ́ méjì kún un, kí ẹ gbé wọn jìnnà síra, kí dúdú má lè ṣọ́ gbogbo wọn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin dá igun kan fún àwọn tuntun fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí wọ́n máa rí ara wọn. Lẹ́yìn náà, òru ni kí ẹ gbé wọn sórí igi ìsùn.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tú aṣọ pupa yẹn lónìí! Adìẹ kì í rí ohun pupa kó má sọ ọ́. Epo pupa náà ńkọ́? Ẹ fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ egbò náà, kí ẹ po èédú kúnnákúnná mọ́ òrí, kí ẹ fi bò ó kí pupa rẹ̀ má hàn. Kó má padà sáàárín wọn títí yóò fi jinná. Kí lẹ sì ń fún wọn jẹ? Bó bá jẹ́ àgbàdo àti èèrí nìkan, amúaradàgbà kò tó wọn, ìyẹ́ ara wọn ni wọn yóò máa tu jẹ. Ikán ni ìyá mi máa ń wà wá fún tiwa.

Ṣẹ́gun
Ẹ gé àgógó dúdú, ó parí.

Bàbá Ọ̀sìn
Rárá, àbúrò. Eegun wà nínú àgógó, ó sì ń dùn wọ́n gan-an. Adìẹ mẹ́sàn-án kò gba ìyẹn. Dúdú ni kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún. Bó bá padà dé, òun náà á di àlejò.

Ìyá Ẹléyin, Apẹ̀tẹ̀
Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Mo tú aṣọ pupa lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ márùn-ún ni dúdú lò lábẹ́ àgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, igbe rẹ̀ sì ń dùn mí. Nígbà tó wọlé padà, àgbébọ̀ mìíràn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó yà fún un. Ọkọ mi ti kan pákó kún ilé wọn. Ogbe ti jinná, àwọn kékeré sì ń jẹ ní abọ́ kẹta. Dúdú ṣì ń lé wọn nídìí ìtẹ́, a kò tíì borí ìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí mo bá ẹyin kékeré kan lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Mi ò tíì mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló yé e.