Ọkọ̀ mi kò yege nínú àyẹ̀wò ààbò, ọlọ́pàá sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi: ṣé kí n san owó ìtanràn ni àbí kí n lọ sílé ẹjọ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa òfin ìrìnnà bá mi tú palẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ mi lọ fún àyẹ̀wò ààbò nígbà tí ìwé ẹ̀rí ti tẹ́lẹ̀ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó parí, nítorí n kò fẹ́ kó dọjọ́ ìkẹyìn kí n tó máa sáré kiri. Ọkọ̀ náà kò yege. Nǹkan mẹ́ta ni olùyẹ̀wò kọ sínú ìwé tó fún mi: iná bíréèkì apá òsì kò tàn, ojú táyà iwájú kan ti dán, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kan (oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà iwájú mọ́ ara ọkọ̀) sì ti ń mì. Ó ní kí n lọ tún wọn ṣe, kí n sì gbé ọkọ̀ padà wá.

Bí mo ṣe ń wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni ọlọ́pàá dá mi dúró. Iná bíréèkì yẹn ló rí láti ẹ̀yìn. Mo fi ìwé àyẹ̀wò náà hàn án kó lè mọ̀ pé mo ti ń wá nǹkan ṣe sí i, ṣùgbọ́n ńṣe ló kà á láti òkè délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo táyà, ó sì kọ ẹ̀sùn méjì sínú tíkẹ́ẹ̀tì: èkíní, pé mo ń wa ọkọ̀ tí kò ní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò, èkejì, pé mo ń wa ọkọ̀ tí ohun èlò rẹ̀ ti bàjẹ́ lójú pópó.

Ohun tí kò yé mi ni pé ìwé ẹ̀rí àtijọ́ kò tíì parí lọ́jọ́ náà. Ṣé àyẹ̀wò tuntun tí ọkọ̀ kò yege nínú rẹ̀ lè sọ ìwé ẹ̀rí àtijọ́ di asán ni? Báwo sì ni ènìyàn ṣe fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe bí wọn kò bá jẹ́ kó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tún un ṣe? Àwọn kan ní kí n yáa san owó náà kí n lè sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn kìíní

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú wàhálà. Ẹ má tíì san ohunkóhun. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì ti gbà pé òun jẹ̀bi nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò tún gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì náà, ẹ wá nọ́ńbà abala òfin tí ọlọ́pàá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka abala náà fúnra yín, nítorí àlàyé tí ọlọ́pàá ṣe lẹ́nu kọ́ ni adájọ́ yóò fi dájọ́.

Bí mo ṣe rí i, ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra ni wọ́n dì pọ̀ mọ́ ojú ìwé kan ṣoṣo. Kí ọkọ̀ má yege nínú àyẹ̀wò kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí òfin ń bá awakọ̀ wí lé lórí ni pé kó máa wa ọkọ̀ láìní ìwé ẹ̀rí, tàbí kó máa wa ọkọ̀ tí kò bójú mu fún ojú ọ̀nà. Èkíní jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé, ọjọ́ tó wà lára ìwé ẹ̀rí ló sì sábà máa ń parí rẹ̀. Bí ìwé ẹ̀rí yín bá ṣì wà láàrin ọjọ́ rẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá dá yín dúró, tí òfin ibẹ̀ kò sì sọ pé àìyege tuntun ń fagi lé e, ẹ ní ohun tí ẹ lè gbé síwájú adájọ́ láìjanpata.

Èkejì ló le díẹ̀. Iná tó kú kò ní í tàn nítorí pé ìwé wà lápò yín. Ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò kàn ń sọ bí ọkọ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni, kò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ohun tó bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Ní ti ẹ̀sùn yìí, kí ẹ tètè tún un ṣe, kí ẹ sì ní ẹ̀rí àtúnṣe lọ́wọ́ kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi gbogbo agbára yín sí.

Ìdáhùn kejì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ìwé àìyege tí ẹ fi han ọlọ́pàá yẹn lè ṣe yín lóore, ó sì lè ṣàkóbá fún yín. Ó fi hàn pé ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fipá mú yín, pé ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibẹ̀ bọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé ẹ mọ̀ dájú pé táyà àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kò dára kí ẹ tó wọ ojú pópó, ẹni tó bá sì mọ̀ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà bá òun lójijì. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi gba ènìyàn níyànjú láti na irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ọlọ́pàá kó tó béèrè fún un. Ilé ẹjọ́ ni kí ẹ ti lò ó, pẹ̀lú rísíìtì àtúnṣe lórí rẹ̀.

Ẹ kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ibi kan kò jọ ti ibòmíràn rárá. Ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tí kò yege ń fún onímọ́tò ní ọjọ́ 15 láti tún un ṣe, síbẹ̀ ọlọ́pàá ṣì lè fẹ̀sùn kàn án nítorí ohun tó bàjẹ́ gan-an láàrin ọjọ́ 15 yẹn. Ẹ rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín kì í ṣe àjèjì. Ní Massachusetts, wọ́n ń fún ènìyàn ní ọjọ́ 60 láti padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kejì láìsanwó, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ka ọjọ́ 60 náà sí àṣẹ láti máa wa ọkọ̀ kiri, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó kùnà nítorí ààbò kò gbọ̀dọ̀ wọ ojú ọ̀nà títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni wọ́n ti ń pín àbùkù ọkọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: kékeré, ńlá, àti eléwu. Bí ìwé ẹ̀rí àtijọ́ bá ṣì wà láàrin ọjọ́ rẹ̀, tí wọn kò sì kọ àbùkù eléwu kankan sílẹ̀, ẹ lè wa ọkọ̀ náà lọ. Bí ìwé ẹ̀rí bá ti parí, ibi tí wọn yóò ti tún un ṣe, tàbí ibi àyẹ̀wò tí ẹ ti bá ṣe àdéhùn sílẹ̀, nìkan ni ẹ lè gbé e lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀ náà, wọ́n ṣì ń retí pé kí ọkọ̀ tó ohun tó yẹ kó rìn lójú pópó, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé yín bí kò bá tó o. Ìpín mẹ́ta kan náà ló wà nínú òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2014, níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n tún ọkọ̀ tó ní àbùkù ńlá yẹ̀ wò, kó má sì ju oṣù méjì lọ.

Nítorí náà, ẹ padà wo ìwé tí olùyẹ̀wò fún yín. Ẹ wá ibi tó ti kọ bí àbùkù kọ̀ọ̀kan ṣe le tó, àti bóyá ó kọ ọ́ pé kí ẹ má wa ọkọ̀ náà. Gbólóhùn yẹn ni ẹjọ́ yín wé mọ́.

Ìdáhùn kẹta

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe, n kò sì ní í dá sí ti ilé ẹjọ́. Ohun tí mo rí nínú nǹkan mẹ́ta yìí ni pé wọn kò le bákan náà.

Ní ti iná bíréèkì, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gílóòbù kan náà ló ń ṣe iná ẹ̀yìn àti iná bíréèkì, wáyà tín-ín-rín méjì sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wáyà ti bíréèkì lè já nígbà tí ti iná alẹ́ ṣì ń tàn geere, kí ẹni tó ni ọkọ̀ sì má mọ̀ nítorí pé kì í rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ nígbà tó bá tẹ bíréèkì. Kí ẹ tó ra gílóòbù, ẹ yọ ti inú rẹ̀, kí ẹ sì wo ojú ihò tó jókòó sí, bóyá ó ti dípẹtà, torí gílóòbù tuntun kì í pẹ́ nínú ihò tó ti dípẹtà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ sì lè ṣe é níbi àyẹ̀wò gan-an kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀.

Táyà àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ẹ má yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fọwọ́ pa ojú táyà náà láti etí inú dé etí ìta. Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ti dán, tí ìyókù ṣì ní ìlà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì yẹn ló ṣeé ṣe kó ń jẹ ẹ́, torí kò jẹ́ kí táyà dúró gbọnrangandan mọ́. Táyà tuntun tí ẹ bá fi sí i láìtún jọ́ìntì ṣe yóò dán bíi ti àkọ́kọ́. Nínú ihò àárín ìlà táyà, àwọn gegele kéékèèké kan wà tí ilé iṣẹ́ ti fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ojú táyà bá ti bá wọn dọ́gba, jíjìn ìlà rẹ̀ kò ju mìlímítà 1.6 lọ, ìwọ̀n tí òfin gbà mọ nìyẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ọ̀pọ̀ ibi mìíràn.

Jọ́ìntì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú ohun tí ẹ kọ. Bí a bá ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, a máa ń fi ọwọ́ kan di táyà mú lókè, ọwọ́ kejì nísàlẹ̀, a ó sì máa tì í síwá sẹ́yìn. Èyí tó dára kì í mira. Èyí tó ti jẹ yóò máa dún kọ́, kọ́, kọ́ lábẹ́ ọwọ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú gíríìsì tó ti ya jáde lára rọ́bà rẹ̀. Bó bá yọ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ńṣe ni ẹsẹ̀ iwájú yóò ṣẹ́ wọlé, tí sítíárìn kò sì ní í gbọ́ tiyín mọ́. Èyí kì í ṣe ọkọ̀ tí a ń wà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bó ti wù kí ọ̀nà náà kúrú tó. Ọkọ̀ tí ń gbé ọkọ̀ ni kí ẹ bẹ̀, tàbí kí mẹkáníìkì wá bá a níbi tó wà.

Nígbà tí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ má gba rísíìtì tó kàn kọ "àtúnṣe ọkọ̀" sórí. Kó ní nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, iye máìlì tàbí kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, àti orúkọ ohun tí wọ́n pààrọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí rísíìtì bá bá ìwé àìyege mu ní ìlà kan sí ìkejì, ọ̀rọ̀ náà kò ní í pẹ́ lójú adájọ́.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti yẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà wò dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀sùn kejì, ọlọ́pàá fi àmì sí àpótí kan tó sọ pé wọ́n lè fagi lé e bí mo bá tún àbùkù náà ṣe tí mo sì mú ẹ̀rí wá. Kò sí àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èkíní, ohun tí abala òfin rẹ̀ sì sọ ni ọkọ̀ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ti parí tàbí tí kò ní rárá. Ìwé olùyẹ̀wò kọ jọ́ìntì sílẹ̀ bí àbùkù ńlá, kò sì kọ ọ́ pé kí n má wà á. Ọkọ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì báyìí, wọ́n sì ti ní etí inú nìkan ni táyà yẹn ti jẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ. Ṣé ó yẹ kí n gba agbẹjọ́rò?

Ìdáhùn kìíní

Bí tíkẹ́ẹ̀tì náà bá jẹ́ owó ìtanràn kékeré lásán, tí kò sí pé wọn yóò kọ máàkì burúkú sí ìwé ìwakọ̀ yín, owó agbẹjọ́rò lè ju owó ìtanràn lọ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ awakọ̀ bá ni ẹ fi ń jẹun, tàbí tí máàkì bá wà níbẹ̀, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dáhùn ohunkóhun.

Àpótí tí ọlọ́pàá fi àmì sí yẹn dára, àmọ́ ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fún yín dáadáa, torí ó lè kúrú ju bí ẹ ti rò lọ. Ní ìpínlẹ̀ New York, bí àpẹẹrẹ, ẹni tí wọ́n mú nítorí iná ọkọ̀ ní láti tún un ṣe kó tó di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e bó bá fẹ́ kí wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà. Ní California, àyè wà fún àtúnṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó láṣẹ gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé pé àtúnṣe ti wáyé, ènìyàn yóò sì tún san dọ́là 25 kí ilé ẹjọ́ tó pa ẹ̀sùn náà rẹ́. Ẹ pe akọ̀wé ilé ẹjọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ bi í bóyá rísíìtì mẹkáníìkì tó, tàbí ìwé ẹ̀rí tuntun láti ọ̀dọ̀ olùyẹ̀wò ni wọ́n ń fẹ́.

Ní ti ẹ̀sùn kìíní, ẹ kọ ọ́ padà pé ẹ kò jẹ̀bi, kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún èsì tó kọjá. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àtijọ́, kí ọjọ́ tó máa parí hàn kedere, kí ẹ sì fi ẹ̀dà abala òfin náà tì í. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fa àlàyé jọ́ìntì wọ inú rẹ̀, torí ẹ̀sùn kejì ló ni ín.