Ixora ẹ̀bá fẹ́ǹsì ń pọ́n: kí ni kí n ṣe sí ilẹ̀ rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́gbà. Igi òdòdó ixora mẹ́jọ ló wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì mi n'Íkòròdú. Ewé tuntun ń pọ́n rúsúrúsú, àmọ́ iṣan ewé náà ṣì tutù yọ̀yọ̀. Eérú àti ìgbẹ́ adìẹ ni mò ń bù sí i. Ẹ gbà mí o.

Bàbá Ọlọ́dòdó: Ìyá Ìbejì, ẹ dá eérú yẹn dúró lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Eérú ń pa kíkan ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kíkan ni ixora ń fẹ́, pH 5 sí 6 (pH ni òǹkà tí a fi ń wọn kíkan: bó bá ṣe kéré sí ni kíkan ń pọ̀ sí). Ìgbẹ́ adìẹ ẹlẹ́yin náà kún fún ẹfun tó wà nínú oúnjẹ wọn. Tí pH bá ti kọjá 7, irin tí ewé nílò kó tó lè tutù wà nínú ilẹ̀ o, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ò ní rí i fà. Ká ní náítírójìn ló wọ́n ni, ewé ìsàlẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ pọ́n. Ohun tí mo fura sí jù ni sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà dà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mọ fẹ́ǹsì. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sínú àwo, ẹ kán fínígà lé e, kí ẹ dẹtí sí i: tó bá hó, ẹfun wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ wọn pH rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wa iyẹ̀pẹ̀ lójú mẹ́ta, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ pò ó pọ̀. Ife kan iyẹ̀pẹ̀, ife kan omi tí wọ́n fi ń kún bátìrì mọ́tò (kì í ṣe ásíìdì o!). Ẹ rò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó ti bébà pH bọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Ó hó o! Ó ń dún ṣìì. Bébà sọ pé 8. Ṣé kí n kúkú máa da fínígà sí i?

Bàbá Ọlọ́dòdó: Rárá, kíkan fínígà kì í pẹ́ nínú ilẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ti hó, imí-ọjọ́ (sulphur) tí wọ́n fi ń sọ ilẹ̀ di kíkan náà ò ní ká a, ẹfun á kàn máa gbé e mì ni. Ẹ hú àwọn ixora náà tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn lásìkò òjò, kí ẹ sún wọn kúrò lẹ́bàá fẹ́ǹsì ní mítà kan. Ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù búlọ́ọ̀kù dànù.

Ọmọ Àgbẹ̀: Tí ojú ilẹ̀ tuntun náà ò bá hó, àmọ́ tí pH rẹ̀ jẹ́ 7, ìgbà yẹn ni imí-ọjọ́ lúbúlúbú wúlò. Ilẹ̀ oníyanrìn: gíráàmù 50 fún mítà kan níbùú lóòró. Ilẹ̀ alámọ̀: 100, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí oṣù mẹ́ta wà láàárín. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn. Tó bá gbá jọ sójú kan, á jó gbòǹgbò. Kòkòrò àìfojúrí ló ń sọ ọ́ di ásíìdì, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí náà ẹ máa bomi rin ín.

Ìyá Ìbejì: Ewé tó ti pọ́n wá ńkọ́?

Bàbá Ọlọ́dòdó: Gíráàmù 5 iron sulphate (iyọ̀ irin) nínú omi lítà kan, ẹ fín in sí ewé nírọ̀lẹ́, oòrùn ọ̀sán á jẹ́ kó jó ewé. Ẹ má jẹ́ kó kán sórí táìsì, àbàwọ́n ìpẹtà rẹ̀ kì í lọ. Ọ̀mùnú tó bá yọ lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ewé àtijọ́.