Red velvet onísítẹ́ẹ̀pù méjì fún Màmá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá oníkéèkì. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Màmá mi máa pé ẹni 60 ọdún, red velvet, kéèkì pupa oníkókò díẹ̀ yẹn, ni wọ́n sì ní àwọn fẹ́. Mo fẹ́ gbé ínṣì 6 lé orí ínṣì 10. Èyí tí mo fi dánra wò gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi bíríkì. Bọ́tà ni mo fi pò ó, àwọ̀ olómi ni mo rọ sí i. Ògo-Olúwa, ní Òṣogbo níbí, ni gbọ̀ngàn àríyá wà. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìyá Ìbejì: Màmá á ṣe púpọ̀ sí i láyé. Àbúrò, bọ́tà yẹn ni. Bọ́tà máa ń dì tí kéèkì bá tutù, òróró kì í dì, òun ló ń jẹ́ kó rọ̀ títí di ọjọ́ kẹta. Fún ife fláwà 2½: òróró ife 1, ṣúgà ife 1½, ẹyin 2, kókò ṣíbí ńlá 2, sóódà ṣíbí tíì 1, iyọ̀ díẹ̀. Má wá bọ́tàmílìkì (wàrà kíkan) kiri, o lè ṣe é fúnra rẹ. Da fínígà ṣíbí ńlá 1 sínú ife wàrà 1, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Tó o bá rí i tó ń ṣù wúruwùru létí ife, ó ti jẹ́. Kíkan yẹn ló ń pàdé sóódà tó fi ń hó, tí kéèkì fi ń wú. Torí náà, tó o bá ti pò ó tán, má jókòó ti WhatsApp o. Kí ófìnì ti gbóná dé 180°C kó tó di pé o da nǹkan pọ̀.

Aláró Òròkí: Ọmọ ìlú aró ni wá, a mọ̀ pé àwọ̀ tí kò bá ki kì í mú. Ra àwọ̀ jẹ́ẹ̀lì, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí tíì 1. Jẹ́ kó pọ́n nínú abọ́ ju bó o ṣe fẹ́ lọ, iná á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Má sì ra kókò dúdú kirikiri yẹn, ó máa bo pupa mọ́lẹ̀.

Olùkọ́ Kékeré: Ṣé omi ìṣápá ò lè ṣe iṣẹ́ àwọ̀ náà?

Ìyá Ìbejì: Rárá, olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dán an wò. Bó ṣe kan sóódà báyìí, ó di àwọ̀ eérú.

Ẹ̀gbọ́n Ìgbọ̀nà: Jọ̀ọ́, má gbé méjèèjì lé ara wọn láti ilé. Mo rí èyí tó là sí méjì nínú mọ́tò nítorí gegele kan ṣoṣo, ojú ọmọ tó ṣe é ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Fi ọ̀rá wé kéèkì, jẹ́ kó sun inú fíríìjì mọ́jú. Èyí tó tutù ló ṣeé gé láì rún. Tí iná bá lọ, kúlà oníyìnyín. Ra igi súyà tó nípọn, gún un sí ti ìsàlẹ̀ níbi márùn-ún, gé e kó bá orí kéèkì dọ́gba, kí páálí ti òkè lè jókòó lórí igi, kì í ṣe lórí kéèkì. Cream cheese, wàràkàṣì rírọ̀ tí wọ́n ń fi sí red velvet, ò lè fara da ooru wa. Àárín ìpele ni kó o fi í sí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi bọ́tàkírímù (bọ́tà àti ṣúgà lúbúlúbú tí a lù pọ̀) mọ ògiri yí etí ká kó má baà ṣàn jáde. Bọ́tàkírímù náà ni kó o fi bo ìta.

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi òróró ṣe ínṣì 6 lálẹ́ àná. Mo fi ìka tẹ orí rẹ̀, ó gbéra padà. Mo gé e, pupa náà dénú. Kí n tó padà débẹ̀ láàárọ̀ yìí, Màmá ti jẹ ìdajì. Igi súyà ló kù tí màá rà.